Géèmù tó ń fa ẹsẹ̀ bí ìgbín n'Igbótako: ẹ má tíì dá NEPA lẹ́jọ́ o!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sílẹ̀ Ìkálẹ̀, Ọ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ọ̀rẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun Biafra dé lóṣù kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó lé wọn padà. Lónìí, ìjà tó kù níbẹ̀ kò ju tàwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi tútù lọ, tí wọ́n á máa rọ́ lu ara wọn lẹ́nu fèrèsé mọ́tò. Téèyàn bá ti kọjá wọn, á fi títì márosẹ̀ tó lọ sí Benin sílẹ̀, á yà sọ́nà Òkìtìpupa, ọ̀pẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i káàbọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Orúkọ Òkìtìpupa fúnra ẹ̀ ti sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Òkìtì ni, pupa sì ni. Ẹ fi eruku pupa yìí sọ́kàn o, a ṣì máa bá a pàdé níwájú.

Òṣóòrò jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìjọba tó wà nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Rébùjà loyè ọba wọn, Igbótako àti Ìlútitun sì wà lára àwọn ìlú wọn tó gbajúmọ̀. Epo pupa ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpurú ni oúnjẹ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ padà wálé láìjẹ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá gbé e sókè iná kí èéfín fi yan án. Ẹ̀yìn ẹ̀ á dúdú, inú ẹ̀ á funfun. Wọ́n á ha dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún funfun, wọ́n á rò ó lómi gbígbóná. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ ẹja sí i, kó má tíì sọ̀rọ̀ Èkó fún un lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ iná, ilẹ̀ òkùnkùn

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu lágbègbè yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà, tó ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ẹ̀, tí wọ́n ní ó lágbára láti pèsè iná tó tó mẹ́gáwáàtì 335. Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ti ṣe mínísítà iná mànàmáná lábẹ́ Ọbásanjọ́ kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2003. Síbẹ̀, ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí Òkìtìpupa, Ìlàjẹ, Ìrèlè, Ẹ̀sẹ̀-Odò àti apá kan Odigbó fi wà lókùnkùn biribiri. Ìwé ìròyìn kọ ọ́, ọmọ ilé-ìwé wọ́de, àwọn olóṣèlú sì ń ṣèlérí lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ pé níbẹ̀, ohunkóhun tó bá ti bàjẹ́ nínú ilé, iná ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Fíríìjì kò tutù, NEPA ni. Tẹlifíṣọ̀n ń fọ́jú, NEPA ni. Orúkọ NEPA náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná láti Benin ló sì gba agbègbè ọ̀hún lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n ta ló máa gbàgbé ẹni tó fìyà jẹ ẹ́? Ẹ̀bi tó tọ́ sí wọn pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tójú mi rí n'Igbótako fi hàn pé téèyàn bá ti dá ẹnì kan lẹ́bi tán kó tó wádìí, owó ẹ̀ lè gba ibẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo

Ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé wa débẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mò ń wá ibi tí mo máa ti cháàjì fóònù, wọ́n sì júwe ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan fún mi. Yàrá tó kọjú sí títì nínú ilé ìyá ẹ̀ ló fi ṣe é. Lápá òsì, kẹ́ẹ̀gì epo pupa ìyá ẹ̀ tò jánjan. Lápá ọ̀tún, tẹlifíṣọ̀n méjì wà tí wọ́n so àwọn PlayStation àtijọ́ mọ́, kọ̀ǹpútà ńlá kan sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi. Géèmù bọ́ọ̀lù làwọn ọ̀dọ́ ń wá gbá níbẹ̀, owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san. Iṣẹ́ tó ń jẹ nìyẹn, kì í ṣe eré.

Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà, tòkunbọ̀ lèyí tó pọ̀ jù. CPU ẹ̀ jẹ́ Intel Core i5-10400. Káàdì tó ń ya àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní graphics card, jẹ́ GTX 1660 Super. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, géèmù lọ geere, èèyàn ń tò sílẹ̀ dè é. Nígbà tó yá, gbogbo ẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá gbá a fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn agbábọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ bí ìgbín. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì, ọta kò ní kúrò lẹ́sẹ̀ àfìgbà tí ọ̀tá bá ti gbà á lọ. Àwọn oníbàárà ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n padà sídìí PlayStation.

Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ibí yìí ló ti bà á jẹ́." Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní rárá, káàdì ló ti gbó, àfi kó ra tuntun. Ìyá ẹ̀ wá yọjú láti ìdí epo ẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó wá, ẹ bá mi dá sí i. Owó epo kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló ní kí n mú wá fi ra kinní ọ̀hún. Ṣé kí n gbé e sílẹ̀?"

Orí bá ìyá yìí ṣe é. Nínú bọ́ọ̀sì kan náà tó gbé wa wá ìsìnkú, ọ̀kan nínú wa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìkẹjà, Injiníà la máa ń pè é. Mo bá lọ fà á dìde nídìí púpurú. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó kí ìyá náà dáadáa, ó ní, "Màmá, ẹ mú owó yín dání ná. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Ẹ jẹ́ ká bi aláìsàn léèrè."

Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀

Kò tíì fọwọ́ kan ẹyọ irin kan tó fi bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń fà ni, àbí ó di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú mélòó kan? Ṣé ó máa ń fà nígbà téèyàn bá ń dá gbá a, àbí ìgbà tó bá ń bá ará ibòmíràn gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan? Ṣé ó máa ń dúró gbagidi díẹ̀ kó tó tún máa lọ? Ṣé ó máa ń kú pátápátá?

Ó wá ṣàlàyé fún wa, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní géèmù tó bá ń lọ dáadáa, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ya bí àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tó bá já sí 20, ojú á rí i. Ohun tó ń já a lulẹ̀ ló yàtọ̀ síra.

Tó bá ti ń fà látìgbà tí wọ́n ti tan án, ẹ wo ibi tí wọ́n ki wáyà tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ihò tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ihò tó wà lára káàdì àwòrán. Ẹlòmíràn á ra káàdì olówó gọbọi, á wá ki wáyà sí ti mọ́dábọ́ọ̀dù, káàdì á jókòó lásán, àwòrán kékeré tí CPU lè yà ni yóò máa lò.

Tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń fà, kọ̀ǹpútà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò sí káàdì tó lè wo ìyẹn sàn. Tó bá ń dúró gbagidi nígbà tó bá fẹ́ wọ ibi tuntun nínú géèmù, ẹ wo bí RAM ṣe kún tó, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá orí hard disk àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni géèmù wà. SSD kì í yí, ó yá ju ìyẹn lọ fíìfíì. Tó bá ń kú lójijì, ìgbà yẹn gan-an ló tó kan ọ̀rọ̀ iná. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó máa fà, ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ni gbogbo wa bá yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù onígi yẹn.

Eruku pupa nínú irin

Injiníà kò ṣí kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà tan géèmù, ó sì fi sọ́fítíwià méjì tí wọn kì í gbowó lé, HWiNFO àti MSI Afterburner, máa wo ohun tó ń lọ nínú ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, àwòrán 60 pé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè gòkè. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kọkànlá, ooru CPU ti dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwòrán já sí 22, káàdì àwòrán tí wọ́n ní ó ti gbó sì ń lo bí ìdá mẹ́ta agbára ẹ̀ péré.

Injiníà nàka sí i. "Ṣé ẹ rí i? Káàdì yín ń sùn. Ọpọlọ tó yẹ kó rán an níṣẹ́ ló ti rẹ̀." Ó ní irú CPU yẹn, 100 ni òpin ooru tó lè fara dà. Tó bá ti débẹ̀, fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná. Kò bàjẹ́, kò sì ya ọ̀lẹ, ara ẹ̀ ló ń gbà là. Tó bá jẹ́ pé káàdì ló ti dé òpin agbára ẹ̀, ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn ì bá bá a. Kódà, àwọn tó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá yẹn, EA Sports FC 24, tó rọ́pò FIFA lọ́dún 2023, GTX 1660 tí kò tó Super yìí lágbára ni wọ́n dámọ̀ràn.

Ó tún fi GPU-Z wo káàdì náà bóyá ayédèrú ni, nítorí àwọn oníjìbìtì kan máa ń fi orúkọ káàdì tuntun sára èyí tó ti gbó. Ojúlówó ni.

Ìgbà yẹn ló wá ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ wáyà iná, kí wọ́n ṣí i. Háà! Irin tó wà lórí CPU, tó yẹ kí atẹ́gùn máa gba àárín ẹ̀ kọjá, ti di bíríkì. Eruku pupa títì, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín ilé ìdáná ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn bí amọ̀. Fáànù ń yí, atẹ́gùn ò kọjá. Ìpara tó máa ń wà láàárín CPU àti irin yẹn, èyí tó ń gbé ooru bọ́ síta, ti gbẹ bí èkúrú ìjẹta. Lórí gbogbo ẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa nítorí eruku ló wà. Eruku tí wọ́n ń sá fún wọlé, ooru tó yẹ kó jáde ni wọ́n há mọ́lé.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tí vọ́kanáísà kan yá wọn ni wọ́n fi tún un ṣe. Injiníà fi ìka di fáànù mú nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, ó ní atẹ́gùn tó bá mú un yí ju bó ṣe yẹ lọ lè bà á jẹ́. Ó nu ìpara tó gbẹ kúrò, ó fi tuntun tó wà nínú báàgì ẹ̀ sí i, kò ju bí ẹ̀wà kan lọ.

Ó tún rí nǹkan kan. RAM méjì tí ọmọ náà rà, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù, téèyàn bá ní RAM méjì, ihò kejì àti ìkẹrin téèyàn bá ti ọ̀dọ̀ CPU kà á ni wọ́n ń ki wọ́n bọ̀, kí ojú ọ̀nà méjì lè ṣí. Bí ọmọ náà ṣe tò ó, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní títì alápá méjì tí ọlọ́pàá wá dí apá kan. Mọ́tò á kọjá o, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Injiníà ṣí i nípò, kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n máa ka ìwé tó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá, kò sí ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e lé tábìlì, ẹ̀yìn ẹ̀ kò kan ògiri. Wọ́n tan géèmù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwòrán 60. Ogún, 60. Ìdajì wákàtí, ooru kò ju 74 lọ. Àwọn ọmọ tó ti sá lọ sídìí PlayStation ti ń fi ọgbọ́n yọjú padà.

Ẹ̀bi tó jẹ́ ti iná lóòótọ́

Ẹ má rò pé wọ́n dá iná láre pátápátá o. Ọmọ náà jẹ́wọ́ pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún tún máa ń kú lójijì nígbà mìíràn. Injiníà bi í pé kí ló tún wà lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn. Fíríìjì omi tútù Màmá ni.

Ó ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà náà, tó bá ń gbá géèmù, kò ju bíi wáàtì 250 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" máa ń gbé bíi 650, ó lè gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò fíríìjì bá fẹ́ ta kìjí, iná tó máa fà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju èyí tó máa ń lò lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Iná á rẹlẹ̀ lójijì, kọ̀ǹpútà á kú. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé iná tó rẹlẹ̀ kì í sábà sọ géèmù di ìgbín. Pípa ló máa ń pa kọ̀ǹpútà, tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ó lè ba páwà sọ́pìláì àti fáìlì jẹ́. Kí wọ́n yọ fíríìjì kúrò nígbà tí géèmù bá ń lọ, kí wọ́n sì wá UPS tó dáa sí i.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí náà kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, bíi ₦190 ni lítà epo. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ẹni tó ń fi epo bẹ́ẹ̀ gbá géèmù tó ń fa ẹsẹ̀, owó ló ń sun níná, nítorí oníbàárà kò ní sanwó fún ohun tó ń bí i nínú.

Ẹ fetí sí èyí kẹ́ ẹ tó náwó

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń pariwo "ẹ bá mi ra káàdì tuntun" nílé. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin tí Injiníà bi ọmọ Igbótako. Ẹ ní kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ nígbà tí géèmù bá ń lọ, kó wo ohun tó kún dẹ́múdẹ́mú àti ohun tó jókòó lásán. Ohun tó kún ló ń dá àwọn yòókù dúró. Ẹ yẹ wáyà mọ́nítọ̀ wò. Ẹ gbọn eruku, ó kéré tán ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ẹni tó ń gbé létí títì eléruku. Ẹ pa àwọn sọ́fítíwià tí ẹ ò lò. Lórí gbogbo ẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó bá po agbo mẹ́fà mu lẹ́ẹ̀kan, tára ẹ̀ bá yá, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Tí káàdì bá ti ń lo gbogbo agbára ẹ̀ lóòótọ́, tí géèmù sì ṣì ń fà, ẹ kọ́kọ́ dín ẹwà àwòrán géèmù kù. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ó tó àkókò láti sọ̀rọ̀ owó.

Ní ti ìyá wa n'Igbótako, nígbà tí Injiníà sọ fún un pé kò sí káàdì kankan láti rà, kò kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ ti ń tò sídìí kọ̀ǹpútà, ó tú ìdí ìró ẹ̀, ó wo owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá yẹn dáadáa, ó sì tún un so padà. Ó ní òjò ń bọ̀, pákó òrùlé ilé ìfúnpo òun ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Ó bu epo lítà mẹ́rin fún Injiníà, ó ní kó mú un dé Èkó fún ìyàwó ẹ̀.